"Chips" ìpékeré, "chip" inú fóònù: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì olójú púpọ̀ àti Faransé tó ń ya wọ́n sọ́tọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èlùbọ́, ìpékeré àti ata gbígbẹ ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà, n'Íbàdàn níbí. Oníbàárà kan ní Kútọnu fẹ́ máa gba ọjà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n kọ Faransé sára ọ̀rá rẹ̀. Mo bá ń tẹ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára ọ̀rá mi ("yam flour", "very hot", "free delivery", "store in a cool dry place") sínú fóònù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ohun tó gbé jáde ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní níbì kan, mo kọ ọ́ pé mò ń gbẹ̀bí lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo fi ń di mẹ́ta, mẹ́rin ní Faransé? Báwo sì ni èmi tí n kò ka Faransé rí yóò ṣe mọ èyí tí mo máa mú? — Ìyá Elélùbọ́, Bódìjà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Elélùbọ́, ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín oníbàárà yín dùn yín. "Free delivery" lẹ kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí èyí tí kò lójú méjì nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. "Delivery" lè jẹ́ kéèyàn gbé ọjà lọ bá ẹni tó rà á nílé. Ó tún lè jẹ́ ìbímọ: bí ẹ bá gbọ́ "free delivery" ní ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, ẹ mọ̀ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ èlùbọ́ níbẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan tún wà, "deliverance", tí àwọn ìjọ tó wà lójú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn máa ń kọ gàdàgbà sára pátákó. Faransé kì í kó wọn pọ̀. "Livraison" ni ti ọjà, "accouchement" ni ti aboyún, "délivrance" ni ti ìdáǹdè. Fóònù yín ò mọ̀ pé ọjà lẹ ń tà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ jù sí i, ó sì mú èyí tó wù ú jù sí yín padà. "Livraison gratuite" ni kí ẹ kọ.

"Free" náà nìyẹn. Ohun tí a kò gbowó lé ni Faransé ń pè ní "gratuit". Ẹni tí wọn kò dè mọ́lẹ̀, tàbí àga tí ẹnì kankan kò jókòó sí, ni "libre". Bó bá jẹ́ pé ohun kan ni kò sí nínú nǹkan, "sans" ni. Nítorí náà, bí "sugar free" bá wà lára ọ̀rá ìpékeré yín, tí ẹ tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí "sucre gratuit", ṣúgà ọ̀fẹ́ lẹ ṣèlérí yẹn, ẹni tó rà á yóò sì bèèrè pé ibo ló wà. "Sans sucre" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọjà síra wa: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní adùn tirẹ̀ nínú, pàápàá bó bá ti ń pọ́n. Ohun tí ẹ fẹ́ sọ ni pé ẹ̀yin kò fi ṣúgà sí i. "Sans sucres ajoutés" ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi ìyẹn mú yín.

Nínú gbogbo àlàyé tí mo fẹ́ ṣe, èyí ni kí ẹ dì mú jù: ẹ má ṣe ti inú Gẹ̀ẹ́sì fò bọ́ sínú Faransé tààrà. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní Yorùbá pé, kí ni mò ń sọ gan-an? Lọ́pọ̀ ìgbà, Yorùbá tó wà lẹ́nu yín ti ya ohun tí Gẹ̀ẹ́sì dì pọ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ Faransé rárá. Ẹ ti ní ìdajì iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ẹ kàn ń gbé e sílẹ̀ ni torí ẹ rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká wo ata, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ta jù. Gẹ̀ẹ́sì ní "pepper" kan ṣoṣo fún rodo, fún ṣọ̀ǹbọ̀, fún tàtàṣé, àti fún hóró dúdú roboto tí àwọn alásè hòtẹ́ẹ̀lì máa ń lọ̀ wọ́n orí ẹyin díńdín. Faransé pín in sí mẹ́ta. Hóró dúdú yẹn ni "poivre". Rodo àti ṣọ̀ǹbọ̀, àwọn tó ń ta gan-an, ni "piment". Ata ńlá tó lẹ́ran lára, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ta, ni "poivron". Nínú àwọn ata tiwa, tàtàṣé ló sún mọ́ ọn jù. Bí ẹ bá kọ "poivre" sára ọ̀rá ṣọ̀ǹbọ̀ gbígbẹ, ẹni tó rà á yóò tú u wò, yóò ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Ìtàn wà nídìí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe kó wọn pọ̀. Nígbà tí Christopher Columbus wọkọ̀ láti Spéìnì ní 1492, ara ohun tó ń wá kiri ni hóró dúdú yẹn, nítorí owó ńlá ni wọ́n ń tà á ní Yúróòpù. Kò rí i. Ata tiwa yìí, tó jẹ́ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ló bá pàdé. Wọ́n tọ́ ọ wò, ó jó wọn lẹ́nu bíi ti ọ̀hún, ni wọ́n bá fún un ní orúkọ ọ̀hún. Àwọn ará Spéìnì ṣáà yí ìparí ọ̀rọ̀ náà padà, "pimienta" di "pimiento". Gẹ̀ẹ́sì kò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, "pepper" ni gbogbo wọn ń jẹ́ títí dòní. Ká má parọ́, àwa náà ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀: ata, atalẹ̀, ataare. Faransé ní tirẹ̀ pe atalẹ̀ ní "gingembre", ó pe ataare ní "maniguette", ẹ kò sì lè rí ata kankan nínú orúkọ méjèèjì.

Ẹ wá wo "hot". Ọbẹ̀ tó gbóná yàtọ̀ sí ọbẹ̀ tó ta. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú Gẹ̀ẹ́sì, "hot" ni méjèèjì. Ẹ̀yìn Yorùbá ni Faransé wà lórí èyí: "chaud" ni ohun tó gbóná, "piquant" tàbí "pimenté" ni ohun tó ta. "Très chaud" tí fóònù fún yín fún "very hot" ń sọ fún ará Kútọnu pé ata náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ni. "Très piquant" ni kí ẹ kọ. Bó bá sì ṣe pé ooru ló ń mú yín nígbà tí ẹ bá débẹ̀, "j'ai chaud" ni kí ẹ sọ. Ẹ má sọ "je suis chaude" o, torí ohun tí wọ́n lè rò pé ẹ ń sọ kò yẹ ẹnu ìyá.

Bí ẹ bá ti lọ ata náà kúnná, "ground" náà yóò tún gbé tirẹ̀ dé. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ ni "ground" nínú Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n ti lọ̀ náà ni "ground". "Sol" ni ti ilẹ̀ ní Faransé, "moulu" ni ti lílọ̀. "Piment moulu" lẹ máa kọ, tàbí "piment en poudre", méjèèjì dára. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé Faransé ya lílọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára gígún gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe yà á: "moulu" ni lílọ̀, "pilé" ni gígún. Ìdí nìyẹn tí iyán fi ń jẹ́ "igname pilée" lọ́hùn-ún, orúkọ tí ẹ máa fi bèèrè rẹ̀ ní búkà nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ní kí á pè é ní "pounded yam", àmọ́ "pound" tún ni owó ilẹ̀ wọn, ó tún ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹran. Méjèèjì yẹn ni Faransé ń pè ní "livre", "la livre" bí ẹ bá fẹ́ pè é pé pérépéré, torí "le livre" ti di ìwé kíkà. Faransé pẹ̀lú kò mọ́ tónítóní. Màá padà sórí ìyẹn.

"Chips" ló wá le jù nínú ọjà yín, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tiwa ní Nàìjíríà ti da tirẹ̀ mọ́ ọn. Ará Lọ́ńdọ̀nù tó bá ní "chips", ọ̀dùnkún gígé gbọọrọ tí wọ́n dín ló ń sọ. Àwa ní "plantain chips", ìpékeré là ń sọ. A tún ní "yam chips", ìyẹn sì lè jẹ́ dùǹdú, ó sì lè jẹ́ gbodo tí ẹ̀yin ń sá sóòrùn kí ẹ tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Oní-kọ̀ǹpútà náà ní "chip" tirẹ̀, èyí tó wà nínú fóònù. Faransé pín gbogbo wọn. Ohun tó fẹ́lẹ́ tó ń ró kùrùkùrù lẹ́nu ni "chips", wọ́n yá a lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ìpékeré yín ni "chips de banane plantain". Ọ̀dùnkún tàbí iṣu díńdín gbọọrọ ni "frites", dùǹdú sì jókòó síbẹ̀ dáadáa: "frites d'igname". Gbodo ni "cossettes d'igname". Ti inú fóònù ni "puce", puce yìí kan náà sì ni orúkọ kòkòrò kékeré tó ń fò kiri lára ajá. Ẹ wá fojú inú wò ó kí wọ́n kọ ọ́ sára oúnjẹ! Bí ẹ bá sì fẹ́ fi dòdò kún ọjà yín lọ́jọ́ iwájú, ẹ má pè é ní chips rárá. "Aloko" ni wọ́n ń pè é ní Àbíjàn, orúkọ náà sì ti tàn kálẹ̀ láàárín àwọn tó ń sọ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ẹ tẹ èlùbọ́ ní "yam flour". Ó dára pé ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ kò sọ ọ́ sí fóònù létí. "Flour" àti "flower" kò ní ìyàtọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹnu sọ ọ́ lè gba "fleur d'igname", òdòdó iṣu. "Farine d'igname" ni. Láfún ni "farine de manioc". Ní Benin, wọ́n mọ àmàlà iṣu sí "télibo", nítorí náà ẹ lè kọ "farine d'igname pour télibo" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn yóò ta èlùbọ́ ju àlàyé gígùn lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ẹ̀yìn ọ̀rá ni kí n yára mẹ́nu bà. "Store in a cool dry place": ẹ kò ní ilé ìtajà kankan lọ́kàn, nítorí náà ẹ pa "magasin" tí fóònù fún yín rẹ́. Pípamọ́ ni, "à conserver dans un endroit frais et sec". "Date" tó jẹ́ ọjọ́ ni "date" pẹ̀lú t kan. Bí t bá di méjì, "datte", dàbínù lẹ kọ yẹn. "Best before" kò ṣe é tú ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan rárá, odindi gbólóhùn tiwọn ni kí ẹ gbé: "à consommer de préférence avant le", kí ọjọ́ sì tẹ̀ lé e. Àmọ́ "no preservatives" ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí. Ó jọ "préservatif" bí ìbejì ṣe ń jọra, ẹ má tẹ̀ lé e, kọ́ńdọ̀ọ̀mù ni préservatif. "Sans conservateurs" lẹ ń wá. Àwọn ajọra bẹ́ẹ̀ pọ̀: "librairie" kì í ṣe láíbìrì, ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ni, "essence" ni pẹtiróòlù tí wọ́n ń rọ sí mọ́tò, "pétrole" kọ́. Bí ẹ bá sì fi ẹja yíyan kún ọjà, "poisson" ni ẹja, s méjì. "Poison" oní-s kan, májèlé ni.

Ẹ bèèrè pé kí ló dé. Ìdí kan ni pé Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ ọ̀pọ̀ ìrù ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọnù látọjọ́ pípẹ́. "Store" tó jẹ́ ilé ìtajà àti "store" tó jẹ́ kéèyàn tọ́jú nǹkan, bákan náà la ṣe ń kọ wọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà jókòó sí nínú gbólóhùn la fi ń mọ̀ wọ́n. Faransé ṣì ń so ìrù mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, nítorí náà "conserver" kò lè jọ "magasin" láéláé. Ìdí kejì ni pé láti ìgbà tí àwọn Nọ́máǹdì tó ń sọ Faransé ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ni ọ̀rọ̀ Faransé ti ń ya wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan sì yí ìtumọ̀ padà lẹ́yìn tí wọ́n dé ibùgbé tuntun. Nígbà mìíràn, Gẹ̀ẹ́sì ló tilẹ̀ pín ohun tí Faransé kò pín. Àgùntàn tó ń jẹko ni "sheep", ẹran rẹ̀ nínú abọ́ ni "mutton". "Mouton" ni méjèèjì lẹ́nu Faransé, láàyè tàbí nínú ọbẹ̀.

Nípa fóònù: Google Translate ti wà láti 2006, láti 2016 ló sì ti ń ka odindi gbólóhùn pọ̀ dípò kó máa já a ní wẹ́wẹ́. Faransé wà lára àwọn èdè tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ìyẹn ni pé fóònù lágbára ju bí ẹ ṣe lò ó lọ. Ẹ fún un ní gbólóhùn tó ní orí àti ìdí. Dípò "hot", ẹ tẹ "this dried chilli pepper is very spicy". Dípò "chips", ẹ tẹ "thin crunchy slices of fried plantain". Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn bá wà tó ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo, òun ni kí ẹ lò. Ohun tí mo ní kí ẹ fi Yorùbá ṣe nínú ọkàn yín nìyẹn, ẹ wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ sọ ọ́ síta.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ tú Faransé náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti mọ̀ bóyá ó tọ̀nà. Èmi kò fara mọ́ ọn fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ tú "chaud" padà, "hot" ni yóò fún yín, inú yín á dùn, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ kọ kò tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ olójú púpọ̀ ti gbé àṣìṣe náà mì. Àwòrán ni kí ẹ lò: ẹ tẹ "poivron" sínú ibi tí wọ́n ti ń wá àwòrán lórí Google, ẹ máa rí ata ńlá olómi lára. Ẹ tẹ "cossettes d'igname", ẹ máa rí gbodo tí wọ́n sá. Ojú yín mọ ọjà yín ju ìwé atúmọ̀ èdè èyíkéyìí lọ.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ènìyàn, ẹ wá Yorùbá tó jẹ́ ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin. Yorùbá bíi tiyín ni wọ́n, ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ló jẹ́ kí wọ́n ka ìwé wọn ní Faransé. Ẹ sọ ọ́ fún un ní Yorùbá, kó sọ ọ́ padà ní Faransé, kí Gẹ̀ẹ́sì má tilẹ̀ dá sí i. Yunifásítì Ìbàdàn náà kò jìnnà sí yín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé wà níbẹ̀ tó ti lọ gbé ní Abúlé Faransé tó wà ní Badagry, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fún wọn lówó iṣẹ́ wọn o, ẹ má fi ìpékeré nìkan tú wọn sílẹ̀.

Yorùbá kì í yọ wá ní gbogbo ìgbà, kí n tó gbàgbé. Ibi tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti jọ dì pọ̀, tí Faransé yà, ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀, torí kò sí ohun tó máa ta yín lólobó. "Mọ̀" ni àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ ènìyàn tàbí ibì kan lẹ mọ̀, "connaître" ni: "je connais Cotonou". Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ mọ̀, tàbí bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan, "savoir" ni: "je sais que le prix a monté", mo mọ̀ pé owó rẹ̀ ti lọ sókè. Lẹ́yìn náà ni "ṣiṣẹ́". Èèyàn ń ṣiṣẹ́, "il travaille"; ẹ̀rọ ìlọta ń ṣiṣẹ́, "elle marche", bí ẹni pé ó ń rìn.

Èyí tí ẹ máa lò jù lórí fóònù ni "gbọ́", Gẹ̀ẹ́sì kò sì lọ́wọ́ sí ìyẹn, ẹjọ́ tiwa ni. Bí ẹ bá ní "mi ò gbọ́", ó lè jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ó sì lè jẹ́ pé èdè náà ni kò yé yín. Faransé yà wọ́n pátápátá. "Je n'entends pas" ni ti etí, "je ne comprends pas" ni ti òye. Bí ẹ bá ṣi èyí sọ, oníbàárà yín yóò máa rọra là á ní wẹ́wẹ́ fún yín bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé, nígbà tó yẹ kó kàn gbóhùn sókè. Tàbí kó máa pariwo mọ́ yín létí lórí ọ̀rọ̀ tí kò ní yé yín bó ti wù kó pariwo tó.

"You" kò yẹ kó dà yín láàmú rárá. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀kan, Faransé ní "tu" àti "vous", Yorùbá ní ìwọ àti ẹ̀yin. "Vous" ni kí ẹ máa lò fún oníbàárà. Àmọ́ ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń pín in níbẹ̀, bóyá ẹ mọra tàbí ẹ kò mọra ni. Ọmọ lè pe ìyá rẹ̀ ní "tu" ní Faransé, ìyá kò sì ní bínú. Bí oníbàárà yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín ní "tu" lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọ̀rẹ́ ló kà yín sí.

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ owó, ṣéńjì ni "monnaie", owó fúnra rẹ̀ ni "argent". Gẹ̀ẹ́sì "money" ń dọ́gbọ́n fà yín lọ sọ́dọ̀ "monnaie", ẹ má gbà fún un. Bí ẹ bá fún wọn ní sẹ́fà ńlá, tí wọ́n bèèrè pé "vous avez la monnaie?", wọn kò ní ẹ kò lówó lọ́wọ́, wẹ́wẹ́ owó ni wọ́n ń wá. "Customs" tó máa yẹ ẹrù yín wò ní Sẹ̀mẹ̀ ni "douane". "Coutumes" ni àṣà ìbílẹ̀. "Order" tí oníbàárà yín bá fi ránṣẹ́ ni "commande". "Ordre" ni àṣẹ tí ọ̀gá pa.

Mo ní màá padà sórí Faransé, torí kí ẹ má bàa rò pé òun nìkan ló mọ́. Ẹ wo "frais" tó wà nínú gbólóhùn ìpamọ́ yẹn: ibi tó tútù ni "endroit frais", ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni "poisson frais", owó ọkọ̀ ẹrù ni "frais de transport". "Argent" tí mo ní ó jẹ́ owó, òun náà ni fàdákà. Nítorí náà, bí oníbàárà yín bá fi Faransé kọ lẹ́tà sí yín, tí fóònù sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì tó rí wúruwùru, ọ̀nà kan náà ni kí ẹ gbà: kí ló ń sọ gan-an, ọjà ni àbí owó?

Ohun tí mo máa kọ sára ọ̀rá yín nìyí bó bá jẹ́ èmi. Èlùbọ́: "Farine d'igname pour télibo. Sans conservateurs. À conserver dans un endroit frais et sec." Ata: "Piment séché, très piquant." Bó bá jẹ́ lílọ̀, "Piment moulu, très piquant." Ìpékeré: "Chips de banane plantain, salées. Sans sucres ajoutés." Lára gbogbo wọn: "Poids net" àti ìwọ̀n rẹ̀, "À consommer de préférence avant le" àti ọjọ́ rẹ̀. "Livraison gratuite" ń lọ sórí páálí tàbí sórí Wáásáàpù yín, kì í ṣe ara ọ̀rá. Orúkọ ilé-iṣẹ́ yín, ẹ má tú u rárá, bó ṣe wà ni kó wà.

Ẹ kò nílò láti da ọ̀rá tí ẹ ti tẹ̀ nù, sítíkà yóò bo ojú Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀yìn rẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó sanwó fún atẹ̀wé, ẹ fi ìka tọ àmì orí lẹ́tà "salées" yẹn. Àwọn atẹ̀wé wa a máa yọ àmì kúrò lórí Yorùbá láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì ní ṣojú àánú sí Faransé. "Chips salées" ni ìpékeré oníyọ̀. Bí àmì bá já, tí wọ́n sì rò pé e kan ti lé, tí wọ́n bá yọ ọ́, "chips sales" ló kù, ìpékeré tó dọ̀tí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún un pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹ sì jókòó tì í títí ẹ̀dà àkọ́kọ́ yóò fi jáde nínú ẹ̀rọ.